2¹³⁶²⁷⁹⁸⁴¹ − 1: Bí A Ṣe Mọ̀ Pé Nọ́ńbà Ńlá Yìí Kò Ṣeé Pín

Alága wa, ẹ̀yin olùkọ́ ìṣirò, ẹ̀yin òbí, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ kún inú gbọ̀ngán yìí bámúbámú, mo kí gbogbo yín o. Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ kú ìjókòó. Mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ àwọn àgbà kí n tó la ẹnu, nítorí ìṣirò la fẹ́ sọ, nọ́ńbà yóò sì pọ̀ lẹ́nu mi lónìí. Ẹni tó bá ní bírò àti ìwé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú un jáde. A óò jọ ṣiṣẹ́ ni, ẹ kò ní máa gbọ́ lásán.

Nọ́ńbà kan wà tí ẹyọ òǹkà rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù mọ́kànlélógójì. Bí ènìyàn bá ń pe ẹyọ kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí kò sùn, tí kò jẹun, yóò lo nǹkan bí ọjọ́ 475 kó tó pè é tán. Síbẹ̀, a mọ̀ dájúdájú pé yàtọ̀ sí 1 àti òun fúnra rẹ̀, kò sí nọ́ńbà tó lè pín in tí kò ní ṣẹ́kù. Báwo la ṣe mọ̀? Ta ló pín in wò tán? Kò sẹ́ni tó pín in wò tán! Ìrísí nọ́ńbà náà ló jẹ́ ká mọ̀, ìrísí yẹn sì ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi tẹjú mọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ

Bí ìyá ọlọ́sàn bá ní ọsàn 12, ó lè tò ó ní méjì-méjì, mẹ́ta-mẹ́ta, mẹ́rin-mẹ́rin tàbí mẹ́fà-mẹ́fà, gbogbo òkìtì á sì dọ́gba. Bó bá jẹ́ 13 ni, bó ti wù kó tò ó tó, kò ní dọ́gba, àfi kó tò ó ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan tàbí kó kó gbogbo rẹ̀ sójú kan. Irú nọ́ńbà bí 13 yẹn ni wọ́n ń pè ní prime nílé-ẹ̀kọ́. Èmi yóò máa pè é ní nọ́ńbà aláìṣeépín. 2, 3, 5, 7, 11, 13, 17, 19, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń lọ.

Ṣé wọ́n lópin? Wọn kò lópin. Euclid, onímọ̀ ọmọ Gíríìkì, ti fi èyí hàn ní nǹkan bí ọdún 300 kí wọ́n tó bí Jésù. Ó ní ká kó iye èyíkéyìí tí a bá ti mọ̀ jọ, ká sọ wọ́n di púpọ̀ pọ̀, ká fi 1 kún un. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn tí a kó jọ tó lè pín ohun tó jáde, nítorí 1 yóò máa ṣẹ́kù. Nítorí náà, ó gbọ́dọ̀ ní olùpín mìíràn tí a kò tíì mọ̀. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ ṣọ́ra níbí, nítorí ọ̀pọ̀ ló ń ṣì í: Euclid kò sọ pé ohun tó jáde fúnra rẹ̀ kò ṣeé pín o. Ẹ sọ 2, 3, 5, 7, 11 àti 13 di púpọ̀, ẹ fi 1 kún un, ẹ ó rí 30,031. Ó ṣeé pín! 59 × 509 ni. Ohun tó dájú ni pé 59 àti 509 kò sí lára àwọn tí a kó jọ.

Níwọ̀n ìgbà tí wọn kò lópin, kò lè sí èyí tó tóbi jù lọ pátápátá. Èyí tó tóbi jù tí a *mọ̀* nìkan ló lè wà. Ní ọjọ́ 21 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2024, wọ́n kéde ọ̀kan tó bo gbogbo àwọn tó ṣáájú rẹ̀ mọ́lẹ̀: 2¹³⁶²⁷⁹⁸⁴¹ − 1. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí ẹ to 2 lọ́nà 136,279,841, kí ẹ sọ gbogbo wọn di púpọ̀ pọ̀, kí ẹ wá yọ ẹyọ 1 péré kúrò. Ẹyọ òǹkà rẹ̀ jẹ́ 41,024,320. Èyí tó wà nípò náà tẹ́lẹ̀, 2⁸²⁵⁸⁹⁹³³ − 1, tí wọ́n rí ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2018, ní ẹyọ òǹkà 24,862,048. Luke Durant, ọmọ Amẹ́ríkà, ló rí tuntun náà, lábẹ́ iṣẹ́ àjọṣe kan tó ń wá irú nọ́ńbà yìí, tí wọ́n ń pè ní GIMPS, tí George Woltman dá sílẹ̀ ní ọdún 1996.

Ẹ jẹ́ n fi ohun kékeré kan hàn yín. Nọ́ńbà yìí tóbi, ṣùgbọ́n a lè mọ ìparí rẹ̀ láìkọ ọ́ sílẹ̀. Òǹkà mẹ́ta tó kẹ́yìn nínú 2 tí a to bẹ́ẹ̀ máa ń padà sí bó ṣe wà lẹ́yìn gbogbo 100 ìgbésẹ̀, bẹ̀rẹ̀ láti orí 2³. Orí wa, ìyẹn iye 2 tí a tò, 136,279,841, parí sí 41. Nítorí náà, ẹ ṣe 2⁴¹ lásán: 2,199,023,255,552. Ó parí sí 552. Ẹ yọ 1 kúrò. Nọ́ńbà olówó iyebíye yìí parí sí 551! Ẹ̀rọ ìṣirò kékeré tó wà lórí tábìlì yín lè bá yín ṣe èyí.

Ìrísí rẹ̀: kìkì ení, láìsí òdo

Kọ̀ǹpútà kò mọ̀ ju òǹkà méjì lọ, 1 àti 0. Bí a bá kọ 2⁷ − 1, ìyẹn 127, lọ́nà ti kọ̀ǹpútà, 1111111 ni yóò jẹ́, 1 méje lórí ìlà, láìsí òdo kankan. Bẹ́ẹ̀ náà ni nọ́ńbà ńlá wa: ìlà 1 tó gùn dé 136,279,841. Tí wọ́n bá tọ́jú rẹ̀ bẹ́ẹ̀ sórí fóònù, kò ní gbà ju nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 17 lọ. Fọ́tò mélòó kan péré gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìlà 1 yìí ló fún wa ní òfin àkọ́kọ́. Ẹ wo 2⁶ − 1, tó jẹ́ 63. Lọ́nà ti kọ̀ǹpútà, 111111 ni. Ẹ gé ìlà náà sí méjì: 111 àti 111. 111 ni 7, àbí? 63 yóò wá jẹ́ 7 ní ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án. Ẹ tún gé e sí mẹ́ta: 11, 11, 11. 11 ni 3, 63 sì jẹ́ 3 ní ẹ̀ẹ̀mọ́kànlélógún. Ohun tí mo ń sọ ni pé bí iye 1 tó wà lórí ìlà bá ti ṣeé pín dọ́gbadọ́gba, nọ́ńbà náà fúnra rẹ̀ ti ṣeé pín nìyẹn. Kí 2ⁿ − 1 tó lè jẹ́ aláìṣeépín, n gbọ́dọ̀ jẹ́ aláìṣeépín. Nítorí náà ni 136,279,841 fúnra rẹ̀ ṣe jẹ́ aláìṣeépín. Láti ìsinsìnyí lọ, p ni màá máa pe orí náà.

Ṣùgbọ́n ẹ má sáré o. Bí p bá jẹ́ aláìṣeépín, ṣé dandan ni kí 2ᵖ − 1 náà jẹ́ bẹ́ẹ̀? Rárá! 11 kò ṣeé pín, ṣùgbọ́n 2¹¹ − 1 jẹ́ 2,047, 23 × 89 sì ni. 2, 3, 5 àti 7 ṣe dáadáa, wọ́n fún wa ní 3, 7, 31 àti 127. 11 ló kọ́kọ́ dà wá. Nínú gbogbo orí tí wọ́n ti dán wò láti ayébáyé, ìwọ̀nba 52 la mọ̀ tó yege, èyí tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ló sì jẹ́ ìkejìléláàádọ́ta.

Òfin kejì ṣọ̀wọ́n jù, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Bí 2ᵖ − 1 bá ṣeé pín (tí p kì í sì í ṣe 2), kì í ṣe nọ́ńbà kan ṣá ló lè pín in. Gbogbo olùpín rẹ̀ tó jẹ́ aláìṣeépín gbọ́dọ̀ ṣẹ́ 1 kù bí a bá fi ìlọ́po méjì p pín in. Bí a bá sì fi 8 pín in, 1 tàbí 7 ló gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù. Ẹ dán an wò pẹ̀lú 2,047. Ìlọ́po méjì 11 ni 22. 23 jẹ́ 22 àti 1. 89 jẹ́ 22 lọ́nà mẹ́rin àti 1. 23 ṣẹ́ 7 kù lórí 8, 89 ṣẹ́ 1 kù. Kò yẹ̀!

Euler, ọmọ Súwísì, lo irú ọgbọ́n yìí ní ọdún 1772 láti fi hàn pé 2³¹ − 1, ìyẹn 2,147,483,647, kò ṣeé pín. Ẹni tí kò mọ òfin yìí yóò gbìyànjú gbogbo nọ́ńbà aláìṣeépín títí dé 46,340 (kò sí ìdí láti kọjá ibẹ̀, nítorí 46,341 × 46,341 ti ju nọ́ńbà náà lọ). Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n yóò wo àwọn tó ṣẹ́ 1 tàbí 63 kù lórí 248 nìkan (ibẹ̀ ni 62, ìlọ́po méjì 31, àti 8 ti pàdé). Wọn kò ju 373 lọ, púpọ̀ nínú wọn ló sì ṣeé pín fúnra wọn, tí a lè jù nù. Ọwọ́ ènìyàn kan ká irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Irọ́ lè lọ fún ogún ọdún

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Nínú ọ̀rọ̀ tiwa, ó ju ogún ọdún lọ dáadáa.

Ní ọdún 1644, àlùfáà Kátólíìkì kan ní ilẹ̀ Faransé, Marin Mersenne, tẹ àkójọ kan jáde. Ó ní títí dé 257, àwọn orí tó ń fúnni ní nọ́ńbà aláìṣeépín ni 2, 3, 5, 7, 13, 17, 19, 31, 67, 127 àti 257. Ẹni ńlá ni, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pe irú nọ́ńbà yìí títí dòní. Ṣùgbọ́n àṣìṣe márùn-ún ló wà nínú àkójọ náà. 67 àti 257 kò yẹ kí wọ́n wà níbẹ̀. 61, 89 àti 107 yẹ kí wọ́n wà níbẹ̀, ó sì fò wọ́n. Ó ju ọ̀rúndún méjì lọ kí ẹnikẹ́ni tó mú ẹyọ kan nínú àṣìṣe náà, nítorí kò sí ẹni tó ní ọ̀nà láti yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní ọdún 1876, Édouard Lucas, ọmọ ilẹ̀ Faransé, rí ọ̀nà náà. Ó lò ó láti fi hàn pé 2¹²⁷ − 1 kò ṣeé pín. Ẹyọ òǹkà 39 ló ní:

170141183460469231731687303715884105727

Ọwọ́ ló fi ṣe é, láìsí ẹ̀rọ. Títí di ọdún 1951, kò sí nọ́ńbà aláìṣeépín tí a mọ̀ tó tóbi jù ú lọ. Ọ̀nà kan náà ló fi hàn pé 2⁶⁷ − 1 *ṣeé* pín. Ẹ bi í pé kí ló pín in, kò mọ̀! Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró síbi ọ̀rọ̀ yìí díẹ̀. Lucas mọ̀ dájú pé nọ́ńbà náà ní olùpín, ṣùgbọ́n kò rí ẹyọ kan nínú wọn. A lè mọ̀ pé ilẹ̀kùn ṣeé ṣí láìní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Ọdún 1903 ni Frank Nelson Cole, ọmọ Amẹ́ríkà, gbé kọ́kọ́rọ́ náà wá síwájú ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìṣirò ilẹ̀ rẹ̀:

193,707,721 × 761,838,257,287 = 147,573,952,589,676,412,927

Ìyẹn ni 2⁶⁷ − 1. Ẹ rántí òfin kejì wa? Ìlọ́po méjì 67 ni 134. Ẹ yọ 1 kúrò nínú 193,707,721, ẹ fi 134 pín in, ẹ ó rí 1,445,580 gérégé, láìsí àṣẹ́kù. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún èkejì, 5,685,360,129 ni. Ẹ wò ó bí ẹni tí kò mọ òfin náà yóò ti rìn jìnnà tó kó tó bá 193 mílíọ̀nù pàdé.

Ẹ mú bírò yín

Ọ̀nà tí Lucas là sílẹ̀, Derrick Lehmer ọmọ Amẹ́ríkà tún un ṣe ní àwọn ọdún 1930, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní ìdánwò Lucas-Lehmer. Bí ó ṣe lọ rèé, fún p tó bá ti ju 2 lọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 4. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, ẹ yọ 2 kúrò. Bí èsì bá ti ju nọ́ńbà tí à ń dán wò lọ, ẹ pín in, ẹ mú àṣẹ́kù nìkan. Ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ sí èyí tó jáde. Ìgbà p − 2 ni ẹ ó ṣe é. Bó bá di 0 ní ìgbẹ̀yìn, nọ́ńbà náà kò ṣeé pín. Bí kò bá di 0, ó ṣeé pín. Kò sí àárín méjì, kò sí "ó lè jẹ́".

Ẹ jẹ́ ká dán 127 wò. p jẹ́ 7, ìgbà márùn-ún la ó ṣe é.

4 × 4 jẹ́ 16, yọ 2, ó ku 14.
14 × 14 jẹ́ 196, yọ 2, ó ku 194. Ó ti ju 127 lọ. Àṣẹ́kù rẹ̀ ni 67.
67 × 67 jẹ́ 4,489, yọ 2, ó ku 4,487. Àṣẹ́kù rẹ̀ ni 42.
42 × 42 jẹ́ 1,764, yọ 2, ó ku 1,762. Àṣẹ́kù rẹ̀ ni 111.
111 × 111 jẹ́ 12,321, yọ 2, ó ku 12,319. Ẹ fi 127 pín in: 97 gérégé. Àṣẹ́kù, 0!

127 yege. A kò fi 2, 3, 5, 7 tàbí 11 pín in rárá, síbẹ̀ a ti mọ̀.

Ní ti 2,047 tó dà wá lẹ́ẹ̀kan, ìgbà mẹ́sàn-án ni: láti 4, ó lọ sí 14, 194, 788, 701, 119, 1,877, 240, 282, ó sì parí sí 1,736. Kì í ṣe 0. Nítorí náà ó ṣeé pín. Ṣùgbọ́n 1,736 kò sọ fún wa pé 23 àti 89 ló pín in. Ipò tí Lucas wà lórí 67 gan-an nìyẹn.

Níbi pínpín tí a ń ṣe yẹn, ìrísí nọ́ńbà tún gbè wá. Dípò kí ẹ fi 127 pín 4,487, ẹ fi 128 pín in, èyí tí kọ̀ǹpútà ń ṣe láìlaàgùn, nítorí gígé ìlà lásán ni. 4,487 jẹ́ 128 lọ́nà 35, ó ṣẹ́ 7 kù. Ẹ ro 35 àti 7 pọ̀: 42. Àṣẹ́kù wa nìyẹn! 1,762 jẹ́ 128 lọ́nà 13, ó ṣẹ́ 98 kù. 13 àti 98 jẹ́ 111. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ lè fi èyí dá àwọn ọmọ lára yá ní kíláàsì. Gbogbo pínpín ti di àròpọ̀. Bí nọ́ńbà ńlá wa kò bá ní ìrísí yìí, iṣẹ́ náà ìbá nira jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ẹ lè mọ bí ọ̀nà yìí ti níye lórí tó: bí a bá fẹ́ fi pínpín lásán yẹ 2¹³⁶²⁷⁹⁸⁴¹ − 1 wò, a ó gbìyànjú àwọn olùpín títí dé èyí tó ní ẹyọ òǹkà mílíọ̀nù 20 àti ààbọ̀. Ẹ jẹ́ ká ní ẹ̀rọ kan lè gbìyànjú bílíọ̀nù kan lọ́nà bílíọ̀nù kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kó sì ti bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí àgbáyé ti ṣẹ̀. Títí dòní, kò tíì lè kọjá olùpín tó ní ẹyọ òǹkà 36. Ìdánwò Lucas-Lehmer ń béèrè ìgbésẹ̀ 136,279,839. Ó pọ̀, ṣùgbọ́n ó lópin.

Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Àwọn tó ń wá nọ́ńbà yìí kì í kan fo sórí ìdánwò ńlá. Wọ́n á kọ́kọ́ fi òfin kejì wá olùpín kéékèèké. Ọ̀pọ̀ orí ń ṣubú níbẹ̀, wọn kò sì ní náwó iná lé wọn lórí mọ́. Àwọn tó bá ṣẹ́kù ló ń lọ sí ìdánwò.

Lónìí, ìdánwò tí wọ́n ń kọ́kọ́ ṣe kì í ṣe Lucas-Lehmer. Ti Fermat ni, amòfin ilẹ̀ Faransé tó kọ ọ́ ní ọdún 1640: bí N bá jẹ́ aláìṣeépín, tí a to 3 lọ́nà N − 1, tí a sọ wọ́n di púpọ̀, tí a wá fi N pín in, 1 ni yóò ṣẹ́kù (àfi bí N bá jẹ́ 3 fúnra rẹ̀). Ìṣòro rẹ̀ ni pé àwọn ẹlẹ́tàn wà. 91 jẹ́ 7 × 13, ṣùgbọ́n ó ń yege ìdánwò yìí: 3⁶ jẹ́ 729, tó ṣẹ́ 1 kù lórí 91, 3⁹⁰ náà yóò sì ṣẹ́ 1 kù. Ẹni tó bá yege ìdánwò Fermat, a lè fura sí i pé aláìṣeépín ni, a kò tíì lè búra. Ẹ sì má ṣe fi 2 rọ́pò 3 níbí o! Gbogbo 2ᵖ − 1 tí p jẹ́ aláìṣeépín ló ń yege pẹ̀lú 2, títí kan 2,047 oníjìbìtì.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń lo ìdánwò tí kò dájú ṣáájú èyí tó dájú? Nítorí ẹ̀rọ máa ń ṣìṣe. Nọ́ńbà tó ní mílíọ̀nù 41 òǹkà ni wọ́n ń sọ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, ìgbà mílíọ̀nù 136. Kí ó lè yá, kọ̀ǹpútà ń gbà á nípa ìṣirò onídẹ́símà, ó sì ń yí èsì sí odidi tó súnmọ́ ọn jù. Bí ooru bá mú ẹ̀rọ, bí mẹ́mọ́rì bá ní àbùkù, bí olówó rẹ̀ bá ti fi ipá mú un sáré jù, ẹyọ kan lè yí padà. Ẹyọ kan péré! Láti ibẹ̀ lọ, gbogbo ìgbésẹ̀ tó kù ti di asán, ìdánwò Lucas-Lehmer kò sì ní fi ariwo ta. Yóò kàn parí sí nọ́ńbà kan tí kì í ṣe 0, ẹ ó sì ju nọ́ńbà iyebíye nù. Ní ọdún 2017, Robert Gerbicz rí àyẹ̀wò kan tó bá ìdánwò Fermat mu: bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, ẹ̀rọ ń yẹ ara rẹ̀ wò, bí ó bá rí àṣìṣe, yóò padà sí ibi tó dájú kẹ́yìn. Lucas-Lehmer kò ní irú rẹ̀. Nítorí náà ni ti Fermat fi ń ṣáájú, tí Lucas-Lehmer sì ń tẹ̀ lé e láti fi òǹtẹ̀ lù ú.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí ní 2024. Ọjọ́ 11 oṣù Ọ̀wàrà, káàdì kọ̀ǹpútà alágbára kan, NVIDIA A100, ní Dublin, ní orílẹ̀-èdè Ireland, ló kọ́kọ́ jábọ̀ pé ó yege ti Fermat. Ọjọ́ kejì, káàdì H100 kan ní San Antonio, ní Texas, parí Lucas-Lehmer lórí rẹ̀, 0 ló jáde. Wọn kò kéde rẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n tún fi oríṣiríṣi ètò lórí oríṣiríṣi ẹ̀rọ ṣe é, kí àbùkù kan náà má baà tan gbogbo wọn jẹ. Lẹ́yìn náà ni ayé tó gbọ́.

Iṣẹ́ lórí nọ́ńbà aláìṣeépín sì ti tú àṣírí ẹ̀rọ rí. Ní ọdún 1994, Thomas Nicely, olùkọ́ ìṣirò ní Amẹ́ríkà, ń ṣiṣẹ́ lórí àwọn aláìṣeépín tó jẹ́ ìbejì, bíi 824,633,702,441 àti 824,633,702,443. Èsì rẹ̀ kò bára mu. Ó tọpa rẹ̀ títí ó fi rí i pé ṣíìpù Pentium ti Intel ló ń pín nọ́ńbà láṣìṣe. Ó ná ilé-iṣẹ́ náà ní mílíọ̀nù 475 owó dọ́là.

Kí la ó fi ṣe?

Mo mọ̀ pé ìbéèrè yìí ti wà lẹ́nu yín. Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ fún yín: báńkì kò fi nọ́ńbà ńlá yìí ti ilẹ̀kùn kankan, ẹ má gba ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ gbọ́. Ààbò tí wọ́n ń pè ní RSA nílò nọ́ńbà aláìṣeépín méjì tó jẹ́ *àṣírí*, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sábà máa ń ní nǹkan bí ẹyọ òǹkà 309. Gbogbo ayé ló mọ tiwa yìí, kò lè jẹ́ àṣírí mọ́.

Ṣùgbọ́n àwọn àbúrò rẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ lójoojúmọ́. 2⁵²¹ − 1, tí Raphael Robinson fi kọ̀ǹpútà SWAC rí ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1952, wà nínú ètò ààbò P-521 tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí. 2¹⁹⁹³⁷ − 1 ni gígùn àyípo ètò Mersenne Twister, tí èdè kọ̀ǹpútà Python fi ń mú nọ́ńbà ṣàdédé. 2³¹ − 1 ti Euler sì ni nọ́ńbà tó tóbi jù tí àyè onílà 32 lè gbà nínú kọ̀ǹpútà bí ó bá ń ka àmì àyọkúrò mọ́ ọn. Àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ tó ń ka ìṣẹ́jú àáyá láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970 yóò kan ògiri yìí ní ọjọ́ 19 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2038. Ní Nàìjíríà, aago mẹ́rin àárọ̀ kọjá ìṣẹ́jú 14 àti àáyá 7 ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́, ẹ yẹ ètò yín wò kó tó dìgbà náà.

Ẹwà tún wà nínú rẹ̀ tí kò nílò ìwúlò. Ẹ wo 28: àwọn tó lè pín in, yàtọ̀ sí òun fúnra rẹ̀, ni 1, 2, 4, 7 àti 14. Ẹ rò wọ́n pọ̀: 28! Euclid fi hàn pé ìgbàkígbà tí 2ᵖ − 1 bá jẹ́ aláìṣeépín, tí a bá fi 2ᵖ⁻¹ sọ ọ́ di púpọ̀, irú nọ́ńbà pípé yìí ni yóò jáde. 3 fún wa ní 6, 7 fún wa ní 28, 31 fún wa ní 496, 127 fún wa ní 8,128. Euler sì fi hàn pé kò sí ọ̀nà mìíràn tí nọ́ńbà pípé tó ṣeé fi 2 pín ń gbà wá. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí wọ́n rí nọ́ńbà ńlá wa, nọ́ńbà pípé kan tó ní ẹyọ òǹkà 82,048,640 bá a wọlé. Ṣé èyí tí kò ṣeé fi 2 pín wà? Gbogbo ayé ló ń wá a, kò tíì sí ẹni tó rí i tàbí tó fi hàn pé kò sí.

Ẹni tó bá fẹ́ bá wọn wá a

Ọ̀fẹ́ ni ètò Prime95, ó wà lórí ojú òpó GIMPS. Ẹ gbé e sórí kọ̀ǹpútà, yóò gba orí kan fún yín, yóò sì máa ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ kò bá lo ẹ̀rọ. Bí wọ́n bá mú iná lọ, ẹ má fòyà: ó ń kọ ibi tó dé sílẹ̀ láti ìgbà dé ìgbà, ibẹ̀ ni yóò ti máa bá a lọ. Ẹ kíyè sí ooru o, pàápàá lórí láptọ́ọ̀pù. Ẹ nu eruku inú fáànù, ẹ má sì gbé e lé orí bẹ́ẹ̀dì. GIMPS ń fún ẹni tó bá rí tuntun ní 3,000 dọ́là. Àjọ EFF ní Amẹ́ríkà sì ṣèlérí 150,000 dọ́là fún ẹni àkọ́kọ́ tó bá rí èyí tó ní ẹyọ òǹkà mílíọ̀nù 100.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, iṣẹ́ àmúrelé yín rèé kí n tó gba ìbéèrè. Ẹ lọ dán 2¹³ − 1 wò, ìyẹn 8,191. Ìgbà mọ́kànlá ni. Mo ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fún yín: 4, 14, 194, 4,870, 3,953. Ẹ fi 8,192 pín, ẹ ro iye ìgbà àti àṣẹ́kù pọ̀; bí àròpọ̀ bá tó 8,191 tàbí tó jù ú lọ, ẹ yọ 8,191 kúrò. Bí ẹ kò bá rí 0 ní ìgbà kọkànlá, ẹ padà sẹ́yìn, ẹ wo ibi tí ẹ ti gbàgbé láti yọ 2. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ti sábà máa ń ṣìnà.